Wáyà, mẹ́mórì, fláàṣì àbí Bluetooth: èwo ni kí ẹ fi kó orin kúrò lórí kọ̀ǹpútà?

Kí ẹ tó bèèrè ọ̀nà tó yá jù láti kó orin kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ. Rédíò ṣájà kékeré tí àwọn aláàdìrẹ ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, kì í gba gbogbo ohun tí fóònù ń gbà. Rédíò ọkọ̀ tó ń ná Kútọ̀ sí Èkó kì í ka gbogbo ohun tí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ń kà. iPhone sì tún ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè sanwó dáńlóòdù ní Pánsẹ́kẹ, kó délé, kí rédíò kàn máa ṣẹ́ iná láìkọrin. Orin wà nínú mẹ́mórì lóòótọ́. Rédíò yẹn ni kò lè kà á.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bí ohun tí ẹ ń lò bá ní ihò mẹ́mórì, ẹ yọ mẹ́mórì náà, kí ẹ fi kádì rídà kó orin sí i tààrà. Bí kò bá ní, ẹ lo wáyà. Fláàṣì ni ti ọkọ̀ àti sípíkà ńlá. Bluetooth dáa fún orin kan tàbí méjì tí ẹ fẹ́ gbọ́ kíákíá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wi-Fi wúlò fún fóònù nígbà tí wáyà kò bá sí nítòsí.

Mẹ́mórì nínú kádì rídà, tàbí wáyà sí fóònù

Lára rédíò ṣájà, ẹ ó rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kọ TF sí. Mẹ́mórì kékeré tó ń wọ fóònù náà ni, microSD. TransFlash ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, ibẹ̀ ni TF ti jáde. Ihò USB fífẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti fláàṣì, ṣùgbọ́n èyí tó kéré tí wáyà ṣájà ń wọ̀, iná nìkan ló ń gbà lára ọ̀pọ̀ irú rédíò bẹ́ẹ̀. Ẹ lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní hàn níbẹ̀.

Kádì rídà ni ike kékeré tó ní ẹnu USB níwájú, tó sì ní ihò mẹ́mórì lẹ́yìn. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní ihò kádì lára, àmọ́ kádì ńlá ni ihò náà sábà máa ń gbà, ẹ ó sì nílò ádápútà, ìyẹn àpò ike tí wọ́n máa ń tà mọ́ mẹ́mórì tuntun. Ẹ di ádápútà náà mú kí ojú tí wọ́n kọ̀wé sí kọjú sí yín, kí igun tí wọ́n gé wà lápá ọ̀tún lókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ohun tín-ín-tín kan wà tó ṣeé tì sókè àti sísàlẹ̀, tí wọ́n kọ LOCK sí nítòsí. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní jẹ́ kí ẹ kọ ohunkóhun sí mẹ́mórì. Á ní ó jẹ́ «write protected». Ẹ tì í sókè ná, kí ẹ tó gbà pé mẹ́mórì ti kú.

Bí mẹ́mórì bá ti wọlé, Windows á fún un ní lẹ́tà kan, bíi E: tàbí F:. Ẹ yan fódà orin tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Ctrl+C, ẹ ṣí mẹ́mórì, ẹ tẹ Ctrl+V. Tó bá parí, ẹ má kàn fà á yọ. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ lẹ́tà náà, ẹ yan «Eject», kí ẹ dúró títí kọ̀ǹpútà á fi ní ó ti ṣeé yọ. Ohun tó fà á ni pé ìlà àwọ̀ ewé lè ti kún lójú yín, kí apá ìkẹyìn fáìlì ṣì wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Orin tí wọ́n fà yọ bẹ́ẹ̀ máa ń dákẹ́ lójijì láàárín, tàbí kó hàn bíi fáìlì 0 KB.

Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, tí NEPA sì mú iná lọ nígbà tí orin ń wọlé lọ́wọ́, ẹ má kàn kó òmíràn lé e lórí nígbà tí iná bá dé. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows), ẹ tẹ `chkdsk E: /f` (ẹ fi lẹ́tà mẹ́mórì tiyín rọ́pò E), kó tún àkọsílẹ̀ mẹ́mórì náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa orin tí kò pé rẹ́, kí ẹ tún kó o. FAT32 àti NTFS jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú mẹ́mórì. Mẹ́mórì FAT32 kì í kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ bí NTFS ṣe ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí iná tó lọ lójijì fi ń dà á rú. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa ló yẹ iṣẹ́ yìí.

Wáyà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ MP3 kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, kò sí wàhálà: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń hàn lórí kọ̀ǹpútà bíi fláàṣì. Fóònù Android ló yàtọ̀. Kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. MTP ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: kọ̀ǹpútà á ní kí fóònù gba fáìlì kan, fóònù á gbà á, á kọ ọ́ síbi tó yẹ, kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Nítorí náà, 200 orin kéékèèké máa ń pẹ́ ju fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba. Tí wáyà bá sì mì láàárín, gbogbo rẹ̀ á dúró, ẹ ó sì ní láti fojú wá ibi tó dé.

Ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí títì ojú rẹ̀, ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè, ẹ tẹ ibi tó ti ní «Charging this device via USB», ẹ yan «File transfer». Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí «This PC», ẹ wọ inú fóònù, ẹ wá fódà Music. Tí fóònù bá hàn ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣófo, ojú fóònù ṣì wà ní títì, tàbí ṣájà nìkan ló ṣì wà lé. Tí orin bá ti wọlé ṣùgbọ́n tí áàpù orin kò rí i, ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn, á wò kiri, á rí i.

Tí fóònù bá ń ṣájì àmọ́ tí kọ̀ǹpútà ò rí i rárá, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Inú wáyà USB tó pé, okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló wà: pupa àti dúdú ń gbé iná, funfun àti àwọ̀ ewé ń gbé fáìlì. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń rù kiri nínú gọ̀ọ́sílóò, pupa àti dúdú nìkan ló wà nínú wọn. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n láti ìta, torí ẹnu wọn jọra. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ní kí wọ́n fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kan níwájú yín. Bí fóònù bá hàn, ẹ sanwó.

Ìgbà kan ṣoṣo ni wáyà ju kádì rídà lọ fún mẹ́mórì inú fóònù, kò sì yẹ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Láti Android 6.0, tó jáde ní 2015, fóònù lè gba mẹ́mórì kó sì sọ ọ́ di apá kan ara rẹ̀, «internal storage». Irú mẹ́mórì bẹ́ẹ̀ ti wà lábẹ́ àdììtú tí fóònù yẹn nìkan lè tú. Tí ẹ bá yọ ọ́ sínú kádì rídà, Windows á ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀. Ẹ má gbà o, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa lọ. Ẹ dá a padà sínú fóònù, kí ẹ lo wáyà.

Èyí ni bí ìyára wọn ṣe sábà máa ń rí. 1 GB jẹ́ nǹkan bíi 200 orin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó 5 MB:

| Ọ̀nà | Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1 | Àkókò fún 1 GB |
|---|---|---|
| Mẹ́mórì Class 10 nínú kádì rídà | 10 MB, ó kéré tán | kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ |
| Mẹ́mórì Class 4 nínú kádì rídà | 4 MB, ó kéré tán | ìṣẹ́jú 4 sí 5 |
| Wáyà USB 2.0 sí fóònù Android | 10 sí 25 MB | ìṣẹ́jú 1 sí 2 |
| Wi-Fi láti ara hotspot fóònù | 2 sí 5 MB | ìṣẹ́jú 4 sí 8 |
| Bluetooth | 0.15 sí 0.25 MB | wákàtí 1 sí 2 |

Nọ́ńbà Class yẹn wà lójú mẹ́mórì fúnra rẹ̀, nínú àmì tó dà bíi lẹ́tà C: 4 tàbí 10. U1 bá Class 10 dọ́gba, U3 jẹ́ 30 MB. Fún orin, Class 10 tó, ẹ má sanwó lé e. Ẹ ó sì rí i pé wáyà kò lọ́ra ju kádì rídà lọ. Ìdí tí a ṣì fi ń yan kádì rídà ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ fọ́máàtì mẹ́mórì, kí ẹ to orin bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ sì ṣàyẹ̀wò rẹ̀. MTP kì í gbà yín láyè láti ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fláàṣì fún ọkọ̀ àti sípíkà

Ohun méjì ló ń da fláàṣì rú nínú ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe fọ́máàtì rẹ̀. FAT32 ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ àti sípíkà mọ̀. Bí fláàṣì bá jẹ́ NTFS tàbí exFAT, kọ̀ǹpútà á ṣí i wẹ́rẹ́, rédíò á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ lẹ́tà fláàṣì, ẹ yan «Properties», ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «File system» sí. Tí kì í bá ṣe FAT32, ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ná, lẹ́yìn náà ẹ yan «Format», FAT32, «Quick Format», «Start». Fún fláàṣì 32 GB sísàlẹ̀, ó ti parí.

Tí fláàṣì bá jẹ́ 64 GB sókè, ojú ibi tí Windows ti ń fọ́máàtì kì í sábà fi FAT32 hàn yín. Ẹ lo Rufus, ọ̀fẹ́ ni: níbi «Boot selection» ẹ yan «Non bootable», níbi «File system» ẹ yan «Large FAT32». Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọkọ̀ yóò fi nílò 64 GB? Ní 128 kbps (kbps ń sọ bí fáìlì orin ṣe wúwo tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 1 GB gba orin wákàtí 17. Fláàṣì 8 GB á kọrin fún ọjọ́ márùn-ún tọ̀sán-tòru láìtún èyí tó ti kọ kọ. Tí fláàṣì bá sì tóbi, rédíò á pẹ́ kó tó kà á tán nígbàkígbà tí ẹ bá ṣíná ọkọ̀. 8 GB tàbí 16 GB la máa ń yàn fún ọkọ̀.

Èkejì ni ètò orin, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú sí rédíò láìmọ ìdí. Ẹ to orin fàájì ìyàwó sí 1, 2, 3 lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dé inú ọkọ̀, 7 ló kọ́kọ́ dún. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ àti sípíkà olówó pọ́ọ́kú kì í wo orúkọ fáìlì rárá. Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú àkọsílẹ̀ FAT ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó tẹ̀lé e ni wọ́n á mú ṣe ìkejì. Lórí Windows, tí ẹ bá yan orin mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ sì di ìkeje mú láti fi fà gbogbo wọn, ìkeje ló máa kọ́kọ́ wọlé.

Nítorí náà, ẹ fi 01, 02, 03 ṣáájú orúkọ orin. Ẹ má lo 1, 2, 3 lásán, torí rédíò tó bá tiẹ̀ ń wo orúkọ lè gbé 10 ṣáájú 2. Ẹ to fódà náà nípa orúkọ, ẹ yan gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé 01 lẹ di mú nígbà tí ẹ ń fà wọ́n. Tí ètò bá ti dàrú lórí fláàṣì tẹ́lẹ̀, DriveSort lórí Windows tàbí fatsort lórí Linux á tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ tò láìtún orin kó. Orin tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn náà á wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́, àfi tí ẹ bá tún un tò.

Ẹni tó bá ń lo Mac, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà fún un. Mac máa ń fi fáìlì kékeré tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `._` sí ẹ̀gbẹ́ orin kọ̀ọ̀kan lórí fláàṣì. Kọ̀ǹpútà kì í fi wọ́n hàn, ṣùgbọ́n rédíò ń rí wọn, á sì rò pé orin ni wọ́n: orin 20 á di 40, ìdajì wọn ò ní dún. Kí ẹ tó yọ fláàṣì, ẹ ṣí Terminal (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Mac), ẹ tẹ `dot_clean -m /Volumes/` pẹ̀lú orúkọ fláàṣì náà.

Bluetooth àti Wi-Fi

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí Bluetooth gbé ohùn àti kó gbé fáìlì. Tí ẹ bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ sípíkà pẹ̀lú Bluetooth, ohùn nìkan ló ń lọ. Kò sí orin kankan tó wọ inú sípíkà, tí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù kúrò nílé, ohùn á gé. Fóònù ló lè gba fáìlì fúnra rẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ àmì Bluetooth tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ yan «Send a File», ẹ yan fóònù, kí ẹ gbà á lójú fóònù. Orin 5 MB á gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà, àmọ́ ẹ padà wo tábìlì òkè kí ẹ tó dá 200 lé e.

Wi-Fi dáa jù ú lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ dátà yín, torí fáìlì kò jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi LocalSend sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tan hotspot fóònù, ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Níbí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: ẹ pa mobile data fóònù náà kí ẹ tó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá pa á, Windows á rò pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update, dátà oṣù kan sì lè lọ kí orin tó kó tán. Hotspot á ṣiṣẹ́ láìsí dátà, LocalSend náà á sì ṣiṣẹ́.

iPhone àti iPod àtijọ́

Níbí, fífa fáìlì sínú fódà kì í ṣiṣẹ́. iPod classic pàápàá, tó lè hàn bíi fláàṣì, kò ní kọ orin tí ẹ kàn jù sínú rẹ̀, torí ohun tí iTunes bá kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Lórí Windows, iTunes ló wà fún un, tàbí Apple Music àti Apple Devices tó ń rọ́pò rẹ̀. Lórí Mac, Finder ló gba iṣẹ́ náà láti macOS Catalina ní 2019.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni iPhone ń bá ṣe ìdàpọ̀ orin. Tí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń dáńlóòdù fúnni, tí ẹ sì gbà nígbà tí iTunes rẹ̀ bèèrè bóyá kí òun «Erase and Sync», gbogbo orin tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á lọ, ti onítọ̀hún á rọ́pò wọn. Ẹ kọ̀ ọ́. Fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, VLC ló rọrùn jù: ẹ fi VLC sórí iPhone, ẹ so iPhone àti kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi kan náà, ẹ tan «Sharing via WiFi» nínú VLC, ẹ tẹ àdírẹ́sì tó bá fi hàn sínú bíráwúsà kọ̀ǹpútà, ẹ fa orin sójú rẹ̀. Inú VLC nìkan lẹ ó ti máa gbọ́ ọ, kò ní sí nínú áàpù Music, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa pa rẹ́.

Orin fúnra rẹ̀

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, bí irú fáìlì bá ti yàtọ̀ sí èyí tí rédíò mọ̀, asán ni. MP3 ni gbogbo wọn ń kà. Orin tí wọ́n fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ M4A tàbí Opus. Fóònù á kọ ọ́, rédíò ṣájà á fò ó. Kí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ láti .m4a sí .mp3 kò yí inú rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn kan ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ffmpeg, ìlà kan ló máa kọ: `ffmpeg -i orin.m4a -b:a 192k orin.mp3`. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, VLC ní «Convert / Save» lábẹ́ «Media». Orin tí ẹ gbà sínú Spotify àti irú rẹ̀ láti gbọ́ láìsí dátà kò ṣeé kó kúrò rárá, torí àdììtú ni.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? 128 kbps jẹ́ bíi 1 MB ní ìṣẹ́jú kan. 192 kbps jẹ́ 1.4 MB, 320 kbps jẹ́ 2.4 MB, WAV láti orí CD jẹ́ 10 MB. Ní Abẹ́òkúta, ìlú Àyìnlá Ọmọwúrà olórin àpàlà, ìṣirò yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀, torí ojú kan àwo àpàlà, jùjú tàbí fújì àtijọ́ lè jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tó gùn tó ìṣẹ́jú 20. Ní 320 kbps, 48 MB nìyẹn. Ní WAV, 200 MB. Fún sípíkà rédíò kékeré, etí kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 320 àti 192. Ẹ lo 192, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó dára jù sórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá fẹ́ gé ojú àwo gígùn sí wẹ́wẹ́ kó lè ṣeé fò láti orin dé orin, mp3DirectCut á gé e láìba ohùn jẹ́. Wáàsí tàbí ìwàásù kò nílò tó bẹ́ẹ̀: 64 kbps lójú ohùn kan, «mono», wákàtí kan kò ju 29 MB lọ.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn dùn wá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Rédíò kékeré ò mọ ẹ̀, ọ́ àti ṣ. Lẹ́tà bíi ẹ̀ jẹ́ ohun méjì tí kọ̀ǹpútà kọ lé ara wọn, ẹ pẹ̀lú àmì, A dé Z nìkan sì ni ọ̀pọ̀ rédíò ní lẹ́tà fún. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ «Ẹ̀gbá» á di àmì ìbéèrè àti àpótí kéékèèké, àwọn rédíò kan á sì fò ó pátápátá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ pé pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà tí kò ní àmì fún mẹ́mórì. Tí ẹ bá ń fi Mp3tag kọ orúkọ olórin sínú fáìlì, ẹ wọ «Options», «Tags», «Mpeg», kí ẹ yan ID3v2.3. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kò mọ v2.4.

Kí ẹ tó ra mẹ́mórì tàbí gba ti ẹlòmíràn

Mẹ́mórì tí ó ti wọ kọ̀ǹpútà púpọ̀ sábà máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń fi fódà pamọ́, tó sì ń fi «shortcut» rọ́pò rẹ̀. Orin kò lọ. Ẹ má tẹ shortcut náà, ẹ má sì fọ́máàtì. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `attrib -h -r -s /s /d E:\*.*` pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́mórì tiyín, fódà á padà hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwọn shortcut rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí Windows Security wo mẹ́mórì náà àti kọ̀ǹpútà.

Ayédèrú ló burú jù. Wọ́n á kọ 64 GB sójú mẹ́mórì tí inú rẹ̀ kò ju 8 GB lọ, wọ́n á sì ti tún un ṣe kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Orin á wọlé láìsí ìkìlọ̀ kankan. Tí 8 GB bá ti kún, èyí tó ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á máa sọnù, tàbí kó máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé orúkọ orin pé, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò dún, tàbí ariwo lásán ló ń ṣe. H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac, ló ń tú u fó. Fún H2testw, ẹ fi mẹ́mórì tó ṣófo sínú kọ̀ǹpútà, ẹ yan lẹ́tà rẹ̀, ẹ tẹ «Write + Verify». Á kọ nǹkan kún mẹ́mórì náà, á sì kà á padà láti wò ó bóyá ohun tó kọ ló bá. Fún 64 GB ní 10 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkọ nìkan á gba nǹkan bíi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 47, kíkà á tún wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dúró. Tó bá parí láìsí àṣìṣe, mẹ́mórì náà dáa. Tó bá ní àṣìṣe, á kọ iye tó dáa níbẹ̀ àti iye tó sọnù. Ẹ ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ gbé mẹ́mórì náà padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an.